Orúkọ Ẹni tí ó Wà Lójú Òkun

"Ta ni ó ni àwọn ìwọ̀ wọ̀nyí, bàbá?"

"Ìwọ gan-an ńkọ́, ta ni ó ní kí o wọ ọkọ̀ mi?"

"Ṣé ẹ rí ẹlòmíràn tí yóò bá yín tò wọ́n ni?"

Orímóògùnjẹ́ mú ìwọ̀ mìíràn nínú ọkọ̀ rẹ̀ tí ó so sí etíkun. Láti ìrọ̀lẹ́ ni ó ti ń ká okùn ìwọ̀ ọmọ rẹ̀ mọ́ ọparun, tí ó ń fi ẹnu ìwọ̀ gún fóòmù kí wọn má baà lọ́ mọ́ra. Láti ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá ni ọmọ náà ti lọ sójú òkun, kò sì tíì dé. Àlejò yìí sì wọ inú ọkọ̀, ọkọ̀ kò mì. Ìwọ̀ gbígbẹ tí ó bá fọwọ́ kàn, omi a máa kán lára rẹ̀ tótó.

"Ta ni ó ni wọ́n?"

"Ọmọ mi ni."

"Kí ni orúkọ rẹ̀?"

"A kì í pe orúkọ ẹni tí ó wà lójú òkun lóru. Bí omi bá gbọ́ ọ, omi á pè é. Bí ẹni náà bá sì dáhùn, kò tún ní í wálé mọ́."

"Ẹ̀rù mà ń bà yín jù o, àgbà apẹja! Bí ó bá ti kú, kí ni pípe orúkọ tún lè ṣe fún un?"

Ó béèrè, ó tún un béèrè, títí ìwọ̀ fi tán nílẹ̀. Ọkàn Orímóògùnjẹ́ rẹ̀wẹ̀sì. Ó wo òkun tí kò sí fìtílà kan lójú rẹ̀, ó sì gbà pé ọmọ ti lọ.

"Adétìmẹ́yìn ni."

Àlejò náà yíjú sí omi, ó pe orúkọ náà jẹ́jẹ́, bí ìyá tí ń jí ọmọ rẹ̀.

Nínú òkùnkùn, ìró àjẹ̀ ọkọ̀ kan tí ń sún mọ́ etíkun dáwọ́ dúró. Ohùn Adétìmẹ́yìn sì dáhùn pé, "Hòo!"