Ìbò Ìyá Sobur

Ní ọjọ́ Alàrùbá, ọ̀sẹ̀ ìdìbò ààrẹ, àwọn ọmọ ẹ̀yìn Báyọ̀dé, ọ̀kan nínú àwọn tó ń du ipò ààrẹ, ń lọ láti ilé dé ilé ní Ìjẹ̀gùn. Olúwadọ̀tun ló ṣáájú wọn. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù Mọ̀dínátù, opó aránṣọ tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Sobur. Ó kí i dáadáa kó tó sọ ohun tó bá wá.

"Ìyá Sobur, ẹ má wulẹ̀ jáde ní Sátidé. A mọ ẹni tí ilé yín ń ṣe."

Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n. Abdulsobur, ọmọ rẹ̀ tó ń gẹ irun ní Ìdímù, ló ń lẹ àwòrán Jibril, alátakò Báyọ̀dé, kiri látìgbà tí ìpolongo ti bẹ̀rẹ̀. Ó lẹ ọ̀kan mọ́ ilẹ̀kùn ilé wọn pàápàá.

Mọ̀dínátù ò gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí máṣíìnì. "Orúkọ mi ló wà lára káàdì mi," ó ní. "Màá dìbò."

Nírọ̀lẹ́, Abdulsobur gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, inú bí i, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ tún wú. Ó jókòó ti ìyá rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíò, ó ń ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń yan ààrẹ.

"Màámi, kì í ṣe kí ìbò èèyàn ṣáà ti pọ̀ jù. Ó tún gbọ́dọ̀ rí ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò, ní ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ìpínlẹ̀. Tí Jibril ò bá tiẹ̀ borí l'Ékòó, ìbò tá a bá dì fún un níbí ṣì wúlò. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n dẹ́rù bà yín."

"Ta ló ń bẹ̀rù?"

Ohùn Báyọ̀dé bọ́ sórí rédíò. Ó ń sọ̀rọ̀ ọ̀nà tó bàjẹ́, ó ń sọ̀rọ̀ páìpù epo tó ń gba ẹ̀yìnkùlé àwọn èèyàn kọjá. Abdulsobur nawọ́ láti pa á. Ìyá rẹ̀ gbá ọwọ́ náà kúrò.

"Jẹ́ ó sọ tán."

"Ẹ fẹ́ gbọ́ irọ́ ẹ̀ dópin, àbí?" Abdulsobur rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀ yí ohùn rédíò sókè.

Nígbà tó di Sátidé, Mọ̀dínátù ló wà níwájú ìlà. Bí àwọn òṣìṣẹ́ ìdìbò ṣe gbé àpótí kalẹ̀ ni Olúwadọ̀tun àtàwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ya dé pẹ̀lú igi àti bẹ́líìtì.

"Báyọ̀dé àbí kẹ́ ẹ gbalé lọ," ni wọ́n ń pariwo.

Ìlà tú ká. Wọ́n fa ṣẹ́ẹ̀tì Abdulsobur ya, wọ́n lé e dé òdìkejì títì. Àwọn òṣìṣẹ́ gbá àpótí mọ́ra, wọ́n sún mọ́ ògiri. Mọ̀dínátù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, níbi tó dúró sí gan-an.

"Ẹ dìde, Màmá," Olúwadọ̀tun ní. "Báyọ̀dé ti wọlé níbí. Kí lẹ tún ń wá?"

"Tó bá ti wọlé, kí ló ń bà yín lẹ́rù lára ìbò obìnrin kan?"

Ọ̀kan nínú wọn gbá a létí. Híjáàbù rẹ̀ yẹ̀, ètè rẹ̀ bẹ́. Kò fọwọ́ nu ẹ̀jẹ̀ náà.

"Ẹ pa mí síbí, àbí kí n dìbò," ó ní. "Kò sí ẹ̀kẹta."

Ẹni tó gbá a létí ò lè wojú rẹ̀ mọ́. Morónkẹ́, ará ilé kejì, ló kọ́kọ́ padà. Ó jókòó sẹ́yìn Mọ̀dínátù. Ẹlòmíì tún dé, òun náà jókòó. Nígbà tó yá, ilẹ̀ ibẹ̀ kún dé ojú títì, igi ọwọ́ àwọn ọmọ náà ò sì lè ká gbogbo wọn. Olúwadọ̀tun kó wọn lọ.

Ìyá Sobur ló kọ́kọ́ tẹ̀ka. Àwọn yòókù tẹ̀ lé e.

Nígbà tí wọ́n ka ìbò níta gbangba, Jibril fi ẹ̀yìn Báyọ̀dé balẹ̀ níbẹ̀. Àwọn èèyàn gbé Mọ̀dínátù sókè, wọ́n ń pè é ní Ìyá Jibril. Ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́ sọ òun kalẹ̀, ètè ń ro òun.

Nílé, Abdulsobur fi omi gbígbóná jó ètè náà fún un. Ojú rẹ̀ kún fún omijé.

"Màámi, gbogbo ẹni tó dìbò fún Jibril ládùúgbò yìí lónìí, ọpẹ́lọpẹ́ yín ni."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni Mọ̀dínátù wí, "àmọ́ Báyọ̀dé lèmi dìbò fún."