Ewéko Abẹ́ Yìnyín

Yẹ̀pẹ̀ tó wà nínú àwo mọ́kànlá náà, abẹ́ yìnyín ìkángun ayé ni wọ́n ti gbẹ́ ẹ wá. Ogún ẹgbẹ̀rún ọdún ni yìnyín fi bò ó. Àwọn onímọ̀ yòókù ní gbogbo ewéko ibẹ̀ ló kú nígbà náà, pé ẹyẹ àti afẹ́fẹ́ ló gbé irúgbìn tuntun wá nígbà tí yìnyín yọ́. Obìnrin kan láàárín wọn ní rárá, àwọn kan ò kú, wọ́n sùn ni. Ọgbọ̀n ọdún ló ti ń wí bẹ́ẹ̀. Níbi iṣẹ́, Màmá Oníyìnyín ni wọ́n ń pè é.

Oṣù mẹ́sàn-án ló fi ń kán omi sí àwọn àwo náà láràárọ̀, nínú yàrá kan tó tutù débi pé ẹ̀wù méjì ló ń wọ̀ kó tó wọ ibẹ̀. Nǹkan kan ò hù.

Lọ́jọ́ Ajé, ọ̀gá rẹ̀ yọjú.

"Màmá, ẹ má bínú. Tó bá di ọjọ́ Ẹtì, a máa gba yàrá yìí."

"Mo ti gbọ́."

Ọkọ rẹ̀, télọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, ló ń gbé oúnjẹ ọ̀sán wá fún un. Lọ́jọ́bọ̀, ó bá a tó gborí lé tábìlì.

"Ó ti rẹ̀ ọ́," ni ọkọ wí.

"Ó sú mi ni, Bàbá wọn. Bóyá òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Bóyá wọ́n kú."

"Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ọ ni yìnyín ti ń bá mi du ìyàwó. Ṣé òkú ló wá ń bá mi dù ú látọjọ́ yìí?"

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀.

"Lọ na ẹ̀yìn," ni ọkọ wí. "Màá bá ọ kán omi náà."

Ó sùn fún wákàtí kan. Nígbà tó jí, ọkọ rẹ̀ ti ti ilẹ̀kùn yàrá tútù náà, ó sì ti palẹ̀ abọ́ oúnjẹ mọ́.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ọkọ bá a wá láti kó ẹrù. Ọ̀gá ló kọ́kọ́ rí i. Ọ̀kan nínú àwọn àwo náà ti yọ ewéko wẹ́wẹ́, ó rí múlọ́múlọ́ bí irun orí ọmọ tuntun. Ó pe gbogbo ilé iṣẹ́ wá wò ó.

"Màmá, ẹ jàre wọn. Ẹ má kó nǹkan kan kúrò."

Omi ń dà lójú obìnrin náà, kò sì nù ún.

Nígbà tí wọ́n jáde tán, ó gbé àwo náà sókè, ó ka ohun tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ sí ìdí rẹ̀ ní oṣù mẹ́sàn-án sẹ́yìn kó tó gbé e sáàárín mẹ́wàá yòókù, pé yẹ̀pẹ̀ eléyìí nìkan lòun sè fún wákàtí méjì, kí ohunkóhun má bàa yè nínú rẹ̀, kóun lè fi wé ìyókù. Ó wá gbójú sókè wo ọkọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, tó rọra ń họ ìdọ̀tí aláwọ̀ ewé kúrò lábẹ́ èékánná.