Ọkùnrin Tó Tú Jíà Mọ́tò Rẹ̀

Àìlèfarabalẹ̀ gbọ́rọ̀ ló ba ayé ọkùnrin yìí jẹ́. Kó o tó lanu bá a sọ̀rọ̀, á ti ní, "Mo ti mọ̀." Ìdí nìyẹn tí gbogbo wa fi ń pè é ní Mo-Ti-Mọ̀. Kíláàsì mẹ́ta péré ni mo kà o, àmọ́ ìlú tí mo ti tẹ̀ ò lóǹkà, mi ò sì rí irú ẹnu yẹn rí.

Nígbà yẹn, mò ń fọ mọ́tò nílé-iṣẹ́ ńlá kan tí wọ́n ti ń ta mọ́tò tó ń sáré bí ìjì. Kò sẹ́ni tó lè fọ̀ ọ́ kó dán tó tèmi, ẹ lọ béèrè. Ibẹ̀ ni Mo-Ti-Mọ̀ ti ra mọ́tò pupa kan, ìjókòó méjì péré, tí òrùlé rẹ̀ ṣeé ká sẹ́yìn.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló tọ́ ọ dàgbà. Ọgbọ̀n ọdún ni bàbá yẹn fi wa ọkọ̀ akẹ́rù gba ọ̀nà òkè kan tó kọjú sí òkun. Ọkọ̀ ẹ̀ á máa mí hẹlẹhẹlẹ, àwọn mọ́tò kéékèèké á sì máa ré e kọjá fìrì. Àmọ́ ojú ẹ̀gbọ́n ti ń lọ báyìí. Dókítà ní tó bá pẹ́ jù, oṣù méjì, òkùnkùn dé nìyẹn, kò sì sóògùn. Nǹkan kan ṣoṣo ló tọrọ lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀.

"Gbé mi gun òkè yẹn nínú mọ́tò rẹ, kó o ká òrùlé ẹ̀. Èmi náà fẹ́ ré ẹlòmíì kọjá lẹ́ẹ̀kan, kí n sì rí òkun kó tó di pé mi ò ríran mọ́."

"Bùrọ̀dá mi, ẹ ti débẹ̀ tán."

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni jíà mọ́tò náà dákẹ́. Gáráǹtì ẹ̀, ìyẹn àsìkò tí wọ́n fi ń tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, ti parí lọ́jọ́ mọ́kàndínlógún sẹ́yìn. Ó wọ́ ọ wá bá wa, ariwo ló sì fi wọlé.

"Ẹ̀yin olè! Torí ọjọ́ mọ́kàndínlógún?"

Obìnrin tó ń gba oníbàárà, tí a ń pè ní Ìyá Ìbejì, ò gbóhùn sókè. Ó fún un ní àga, ó fún un lómi.

"Bùrọ̀dá, gáráǹtì ti lọ lóòótọ́, àmọ́ ojúure ò tíì lọ. Ọ̀dọ̀ wa lẹ ti ń ṣe gbogbo sáfíìsì yín, ẹ ò fo ọ̀kan. Mo lè kọ̀wé bẹ àwọn tó ṣe mọ́tò yìí pé kí wọ́n bá yín tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Kò pọn dandan fún wọn o, àánú ni. Nǹkan kan ṣoṣo ni: kẹ́nikẹ́ni má tú jíà yẹn títí ẹni tí wọ́n máa rán á fi dé."

"Mo ti mọ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n tún un sọ."

"Màdáàmù, mo ní mo ti mọ̀!"

Ìwé àkọ́kọ́ tí Ìyá Ìbejì kọ, wọ́n kọ̀. Ìkejì, wọ́n kọ̀. Nínú ìkẹta, ó kọ ọ̀rọ̀ ojú ẹ̀gbọ́n sí i, ó sì fi orúkọ ara rẹ̀ dúró fún oníbàárà náà. Wọ́n gbà. Wọ́n ní ayẹ̀wòṣẹ́ àwọn, ẹni tó máa yẹ mọ́tò náà wò, á dé lọ́jọ́ mẹ́wàá sí i, wọ́n á sì fi jíà tuntun sí i kíá. Inú gbogbo wa dùn. Ẹ̀gbọ́n ra fìlà tí atẹ́gùn ò ní lè gbé.

Mo-Ti-Mọ̀ ní ọgbà wa ò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, ó bá wọ́ mọ́tò náà lọ sílé. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan ló bẹ̀rẹ̀ sí í ronú pé wọ́n lè fẹ́ rẹ́ òun jẹ. Ó fi fóònù wo bí wọ́n ṣe ń tú jíà, ó gbé sípánà, ó tú u. Ó yọjú sínú ẹ̀, kò lóye nǹkan kan, ó dè é padà.

Nígbà tó dọjọ́ tí wọ́n dá, ó wọ́ ọ padà wá. Ayẹ̀wòṣẹ́ náà ti dé. Ó rá wọ abẹ́ mọ́tò, èmi ni mo bá a di tọ́ọ̀ṣì mú. Ẹ jẹ́ n sọ ohun tí wọ́n ń ṣe: tí wọ́n bá ti de nọ́ọ̀tì le tán níbi tí wọ́n ti ṣe mọ́tò, wọ́n á fi ọ̀dà yẹ́lò fa ìlà kan láti orí nọ́ọ̀tì dé ara irin tó jókòó lé. Tẹ́nìkan bá yí i, ìlà yẹn ò ní pàdé mọ́. Nọ́ọ̀tì mẹ́rìnlá ló wà níbẹ̀. Kò sí èyí tí ìlà ẹ̀ pàdé.

"Ọ̀gá, ta ló tú u?" ni ayẹ̀wòṣẹ́ bi Mo-Ti-Mọ̀.

"Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án." Ó wá yíjú sí Ìyá Ìbejì. "Àfi tó bá jẹ́ àwọn tibí ló tú u kí n tó gbé e lọ."

Ìyá Ìbejì kàn jókòó ni. Ayẹ̀wòṣẹ́ fi ìdérí bo bírò tó fi ń kọ̀wé.

Bí ojúure ṣe tán nìyẹn. Àwọn ọ̀gá wa gba iṣẹ́ ìwé kíkọ lọ́wọ́ Ìyá Ìbejì, wọ́n ní kò mọ èèyàn yàn, wọ́n sì gbé e lọ máa ṣọ́ yàrá táyà.

Ó tó oṣù méje kí Mo-Ti-Mọ̀ tó rí jíà mìíràn rà. Ojú ẹ̀gbọ́n ti fọ́ pátápátá. Síbẹ̀ ó gbé e gun òkè náà. Òun fúnra ẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi, níbi tó jókòó sí lórí bọ́kẹ́ẹ̀tì tí mo fi ń fọ mọ́tò.

"Ṣé à ń ré wọn kọjá?" ni ẹ̀gbọ́n bi í.

"À ń ré wọn kọjá, bùrọ̀dá mi."

"Òkun ńkọ́? Ó ti yọ? Báwo ló ṣe rí?"

Ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó gbórí lé sítíárìn, ó ń sunkún. Ẹ̀gbọ́n ń fọwọ́ wá a kiri títí ó fi kan orí ẹ̀.

"Ta ló tú jíà yẹn?"

"Èmi ni."

"Mo mọ̀ tipẹ́. Wà á lọ. Mo ṣì ń gbóhùn òkun."

Ọ̀sẹ̀ yẹn ló ta mọ́tò náà. Àmọ́ ó ní kò sọ́jọ́ tí òun ò gbọ́ ìbéèrè yẹn létí: báwo ló ṣe rí?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbọ́ mi, ẹ mú ẹ̀kọ́ yìí lọ. Tẹ́nìkan bá ń fi orúkọ ara ẹ̀ bẹ̀bẹ̀ fún yín, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ohun tó ní kẹ́ ẹ má ṣe, kẹ́ ẹ sì pa á mọ́. Àánú kì í ṣe ẹ̀tọ́ yín, ẹni tó ṣe é lè mú un padà. Tẹ́ ẹ bá sì ti ṣàṣìṣe, ẹ tètè jẹ́wọ́, ẹ má tì í sí ọrùn ẹni tó ràn yín lọ́wọ́. Mo-Ti-Mọ̀ rí jíà mìíràn rà. Kò síbi tí wọ́n ti ń ta oṣù méjì tó fi ṣòfò.