Wọ́n Sọ Pé

"Ṣèyí, ṣé ò ń gbọ́ mi báyìí?"

Akẹ́kọ̀ọ́ náà ti gbé fóònù dé gbogbo igun àgbàlá ìyá arúgbó tó ń ran òwú ní Ìsẹ́yìn, ẹni tó fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò fún ìwádìí rẹ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣì ń ṣe ségesège. Ọ̀la ló máa gbèjà iṣẹ́ ìwádìí oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀. Ṣèyí, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì, ló ń fi ìbéèrè dán an wò.

"Mo gbọ́. 'Wọ́n sọ pé' lo kọ káàkiri ìwé rẹ. Àwọn mélòó ló sọ ọ́?"

"Má yọ mí lẹ́nu jàre! Àgbà ni wọ́n. Ṣé kí n kọ 'ó sọ pé' ni?"

"Mo ní, mélòó?"

Akẹ́kọ̀ọ́ náà bojú wo Ìyá. Ìyá gbójú sókè látorí òwú.

"Ta ni wọ́n ń béèrè?"

"Ẹ̀yin ni, Ìyá."

"Èmi nìkan?"