Àdúrà Lẹ́yìn Ìwẹ̀

"Rọra, ìwọ ọkùnrin yìí! Ẹ̀yìn mi kì í ṣe irin."

Ọmọ rẹ̀, jórinjórin tó ń fi iná jó irin pọ̀, dẹ ọwọ́ kànrìnkàn tó fi ń wẹ̀ ẹ́. Láti ìgbà tí àìsàn ìgbàgbé ti mú ìyá rẹ̀, alágbàṣe ni ìyá ń pè é. Láti ìgbà náà ni àdúrà ti kú mọ́ ọmọ náà lẹ́nu.

"Ṣé ọmọ mi ló gbà ọ́ síṣẹ́?"

"Òun ni, Mà."

"Kí ló dé tí kì í wá wò mí?"

Ó bu omi sí i lẹ́yìn. "Iṣẹ́ ló wọ̀ ọ́ lọ́rùn, Mà."

Ó nu ara ìyá gbẹ, ó wọṣọ fún un. Ìyá di ojú.

"Olúwa, mo dúpẹ́ fún omi tó lọ́wọ́ọ́rọ́. Má bínú sí ọmọ mi. Bó bá darúgbó, fún un lẹ́ni tí yóò tọ́jú rẹ̀ bí ọkùnrin yìí ṣe ń tọ́jú mi. Lórúkọ Jésù."

Jórinjórin kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ tútù. "Àmín!" Ẹkún àti ẹ̀rín jọ gba ẹnu rẹ̀.

Ìyá wò ó tìyanutìyanu. "Ìwọ náà ní ìyá?"

"Mo ní, Mà."

"Ara rẹ̀ ńkọ́?"

"Ó ṣì ń gbàdúrà fún mi, Mà."