Oògùn Àárò

Láràárọ̀ ni gbogbo ọmọ tó ń gbé inú ọgbà ilé-ìwé máa ń tò síwájú mẹ́tírọ̀n láti mu oògùn tí kì í jẹ́ kí àárò ilé sọ ọmọ. Ó ti mọ́ Fadérera lára. Àmọ́ lánàá, Mojíṣọlá àbúrò rẹ̀ wọlé gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ tuntun, ó ń sunkún, ó ní ìyá àwọn ti kú. Fadérera gbọ́, ó sì padà sídìí ìwé rẹ̀. Kò dùn ún rárá, ìyẹn gan-an ló sì dẹ́rù bà á. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Mojíṣọlá ló kọ́kọ́ mu tirẹ̀ níwájú mẹ́tírọ̀n, ó wá kan Fadérera.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ̀ǹda mi lónìí. Mo fẹ́ sunkún màmá mi."

"Òfin ni, ọmọ mi. Gbé e mu."

Ó gbé e sẹ́nu, ó sì lọ tu ú dànù lẹ́yìn ilé ìdáná. Nígbà tó di ọ̀sán, ìbànújẹ́ já lù ú. Ó sáré wá àbúrò rẹ̀ lọ sí yàrá ìjẹun, kí wọ́n lè jọ sunkún.

Mojíṣọlá gbójú sókè látinú àwo ẹ̀wà rẹ̀.

"Sísítà mi, ta ló nà yín?" ó béèrè, ó sì ń jẹun rẹ̀ lọ.