Orin Tí Kangarú Gbé Mì

Àlọ́ mi sáré títí, ó bá Kangarú nínú aṣálẹ̀ pupa, níbi tí àwọn ẹranko ti ń sáré ìje láti àárọ̀. Ẹni tó bá ṣíwájú ni í lé orin: “Ọ̀nà rèé o!” Àwọn tó kù á gbè é: “À ń bọ̀ o!” kí ẹnikẹ́ni má baà sọnù.

Nígbà tí Ògòngò fẹ́ bá a, Kangarú tó wà níwájú gbé orin mì.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ lé e o! Eruku bò wá lójú!” Ògòngò ké látẹ̀yìn.

Kangarú ń fò lọ. Ó dé òpin eré, ó lé orin ayọ̀. Kò sẹ́ni tó gbè é. Ojú tì í. Ó sáré padà, ó ń ké “Ọ̀nà rèé o!” títí Ògòngò, tí ohùn rẹ̀ ti há, fi gbè é.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ padà tìtorí wa! Ta ló wá gba ipò kìíní?”

Kangarú tẹrí ba, ó ní, “Kì í ṣe èmi; mo gbé orin mì.” Ibẹ̀ ló ti rẹ àlọ́ mi.